Bàtà Rọ́bà Pupa Tó Sọnù ní Odò Òkè

Fúnmiọlá ọmọ mi, gbé omi yẹn sílẹ̀, mi ò tíì fẹ́ mu ún. Bí mo bá mu ún, màá ní kí n sinmi díẹ̀, bí mo bá sì sinmi díẹ̀, mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni mo ti fi ń sinmi díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn Fálẹ́yẹ lọ́sàn-án yìí, ẹ kú ìjókòó. Mo mọ̀ pé nítorí òkú Kọ́láwọlé, ọmọ ilé yìí, lẹ ṣe pé jọ. Mo sì gbọ́ ohun tí Ọlátúndé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń sọ bí wọ́n ṣe ń gbé mi bọ̀ lórí àga: pé òkú yẹn kò ní kọjá afárá lọ́jọ́ Sátidé, pé kí wọ́n lọ sin ín sí Òǹdó níbi tó kú sí, pé ẹni tó da oògùn sí odò tí gbogbo abà Òkè-Omi ń mu kò ní ilẹ̀ níbí. Ọlátúndé, àbúrò mi, mi ò bá ọ wí. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ lo gbà gbọ́. Ta ló sì sọ ọ́ fún ọ? Èmi ni. Irọ́ ni mo pa. Kọ́láwọlé kò da nǹkan kan sódò rí láyé rẹ̀. Èmi Dúrójayé, tí ẹ ń pè ní Bàbá Ìjọ, tí ẹ ń yẹ̀ fún lójú ọ̀nà, èmi ni mo ṣe é, òun ló sì jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbá mi létí, kó dúró kí n parí ẹ̀ ná. Mi ò lè sá lọ síbì kankan. Ẹsẹ̀ wo ni mo fẹ́ fi sá?

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má rántí Dókítà Ayọ̀mípọ̀sí. Kì í ṣe dókítà alábẹ́rẹ́ o, dókítà àkèré ni. Ọdún tó kọ́kọ́ dé láti yunifásítì, tó ní òun fẹ́ mọ bí àkèré ṣe ń darúgbó, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Kọ́láwọlé bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé àwọn náà máa ń hu ewú ni?" Ọmọbìnrin náà kò bínú. Ó ní, "Wọ́n ń hu ewú, bàbá, ṣùgbọ́n inú ara ni tiwọn wà." Bó ṣe sọ ọ́ yẹn, ẹ̀rín tán lẹ́nu tèmi. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà.

Èmi àti Kọ́láwọlé ló mú láti máa bá a ṣiṣẹ́, nítorí kò sí kọ̀rọ̀ tí àwa méjèèjì kò mọ̀ nínú odò méjèèjì tó yí abà yìí ká. Ẹ mọ Odò Òkè, abẹ́ àpáta ló ti ń jáde, ó tutù bí yìnyín, òun là ń mu. Ẹ sì mọ Odò Ìsàlẹ̀ lẹ́yìn oko kòkó, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fọṣọ. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, Dókítà á dé, a ó sì máa mú àkèré ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ. Ó ti fi ohun kékeré kan sábẹ́ awọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ fi ń ka nọ́ńbà wọn. Á wọn wọ́n, á fi òwú nu ara wọn, á gba ẹ̀jẹ̀ tíńtín, á sì dá wọn padà síbi tí a ti mú wọn gan-an. Ọdún mẹ́sàn-án la fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Mo ti wá mọ àwọn àkèré náà ní ojú. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n.

Bí a bá ń ṣiṣẹ́, Dókítà á máa ṣàlàyé. Ó ní gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló ní ẹ̀ṣọ́ nínú ara, tó ń bá àìsàn jà. Ó ní ti àkèré, ẹ̀yìn ojú rẹ̀ gan-an ni àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ti ń kọ́ṣẹ́, níbi kékeré kan tí kò tó hóró ìrẹsì. Bí àkèré bá ṣe ń dàgbà sí i, ibẹ̀ á máa sún kì, títí ẹ̀ṣọ́ tuntun á fi ṣọ̀wọ́n, tí awọ rẹ̀ náà kò ní lè tú omi tó ń pa kòkòrò jáde tó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni ara àkèré máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu fún àìsàn láyé rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìgbà tí ìrù rẹ̀ ń wọlé tí ẹsẹ̀ ń jáde, nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ àtijọ́ kò mọ ara tuntun yẹn, wọ́n lè pè é ní ọ̀tá, nítorí náà ara á kọ́kọ́ lé púpọ̀ nínú wọn lọ. Ìkejì ni ìgbà ogbó. Kọ́láwọlé á ní, "Ọlọ́run ò." Èmi á kàn máa mi orí, màá sì máa ka ọjọ́ orí ara mi.

Nítorí ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí lọ́dún kẹsàn-án yẹn. Ìléròrò ti bo ẹ̀gbẹ́ mi ọ̀tún láti ẹ̀yìn dé ìdodo, ó ń ta mí bí iná. Dókítà ilé ìwòsàn ní Adó ti sọ fún mi pé àìsàn tó ti sùn sára mi láti ìgbà èwe ni, pé ó jí nítorí pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ara mi ti ń darúgbó. Ọ̀rọ̀ kan náà! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa àkèré ni wọ́n sọ nípa mi. Ẹ̀rù ikú bà mí, mi ò purọ́ fún yín. Mò ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn nínú ìjọ, mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má bẹ̀rù, èmi alára kò lè sùn.

Àkèré kan wà ní Odò Òkè, nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún. Kọ́láwọlé ló sọ ọ́ ní Yèyé. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ mú un ló ti tóbi, tó ti gbó, lọ́dún kẹsàn-án ó ṣì wà níbẹ̀, lórí òkúta kan náà. Dókítà ní kò sí àgbà bíi rẹ̀ nínú odò méjèèjì. Mi ò mọ ọjọ́ tó wọ inú mi, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún ara mi pé bí Yèyé bá rí òjò tó ń bọ̀, èmi náà á rí i. Ẹ gbọ́ mi? Ọkùnrin tó ń ka Bíbélì lórí àga ìwàásù, ó lọ so ẹ̀mí ara rẹ̀ mọ́ àkèré. Ẹ bá mi bú u.

Òfin iṣẹ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ. Àìsàn awọ kan wà lára àwọn àkèré Odò Ìsàlẹ̀, ó jọ ohun tó máa ń mú kí búrẹ́dì bu. Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn ń gbé e kiri, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ẹ̀ṣọ́ ara wọn le. Àmọ́ kò sí i ní Odò Òkè rárá, ibẹ̀ sì ni àwọn arúgbó pọ̀ sí. Nítorí náà, bàtà rọ́bà pupa, àwọ̀n pupa, abọ́ pupa fún Odò Ìsàlẹ̀; funfun fún Odò Òkè. Dókítà ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, bàtà pupa kò gbọdọ̀ tẹ omi Odò Òkè láéláé. Àkèré kankan kò sì gbọdọ̀ ti odò kan dé èkejì." Àwa méjèèjì búra fún un.

Ẹ̀yin àgbà ibí mọ àjọwẹ̀ tí àwọn ìyá wa ń ṣe ní abà yìí. Bí arúgbó bá ń rẹ̀, wọ́n á lọ pọn omi gbígbóná ní Ìkógòsì, wọ́n á pò ó mọ́ omi tútù Odò Òkè nínú báàfù ńlá, wọ́n á wá gbé arúgbó àti ọmọ tí ara rẹ̀ le sínú omi kan náà, kí ara tuntun kan ara ogbó. Lẹ́yìn náà, wọ́n á da omi náà padà sójú odò, kí agbára inú rẹ̀ má bàa ṣòfò. Fúnmiọlá yìí ni wọ́n gbé wẹ̀ pẹ̀lú ìyá mi, ọdún mẹ́rin ni ìyá mi sì tún lò sí i. Ta ló máa sọ fún mi pé kò ṣiṣẹ́?

Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Dókítà ti padà sí yunifásítì, Kọ́láwọlé wà lóko. Mo lọ sí Odò Òkè láàárọ̀ kùtù, mo rí Yèyé lórí òkúta rẹ̀ nínú oòrùn. Kò sá. Mo nawọ́ sí i, kò sá. Ojú rẹ̀ ti rì sínú, awọ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Mo ní, "Yèyé, o fẹ́ lọ?" Mo gbé e wálé nínú fìlà mi. Mo wọ bàtà pupa, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Odò Ìsàlẹ̀, mo mú ọ̀dọ́ mẹ́ta tí ara wọn ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Omi Ìkógòsì wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí mo fi ń wẹ ìléròrò mi, ó ti tutù. Mo dà á sínú báàfù nínú ilé ìdáná, mo kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, mo sì fi asẹ́ bò ó.

Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi jókòó tì wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ ń gùn ún lórí, wọ́n ń fò, wọ́n ń já bọ́. Yèyé kò mira. Ó kàn jókòó sí àárín, ó ń wò mí. Nígbà tó yá, ó bọ́ awọ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó sì ń fi ọwọ́ fà á sẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, kò gbé ojú kúrò lára mi. Bí ìrọ̀lẹ́ ṣe ń lẹ́, mo ru báàfù náà, mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí Odò Òkè. Mo dá Yèyé padà sórí òkúta, mo sì da omi náà sójú odò bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta náà bá omi lọ. Ìgbà tí mo fẹ́ yọ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tí bàtà ẹsẹ̀ òsì bọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ tó rì, ìgbà yẹn ni mo tó wolẹ̀. Bàtà pupa. Bàtà pupa ni mo wọ̀ wá. Mo wá a títí ilẹ̀ fi ń ṣú, mi ò rí i.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ìléròrò mi gbẹ. Yèyé náà jí pépé, ó ń ké. Mo jáde síwájú ìjọ, mo jẹ́rìí, ẹ sì bá mi kọrin ọpẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo rí òkú àkọ́kọ́. Ó na ọwọ́ na ẹsẹ̀ lórí iyanrìn, awọ rẹ̀ ń ṣí bí awọ àlùbọ́sà. Àwọn arúgbó ló kọ́kọ́ kú, lẹ́yìn wọn ni àwọn tí ìrù wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Yèyé kú lórí òkúta rẹ̀ lójú ṣíṣí. Nígbà tí òjò mìíràn dé, ẹ rántí bí ó ṣe rí? Òjò rọ̀, ó dá, kò sí ohùn àkèré kankan. Ẹ̀yin fúnra yín sọ pé etí yín ń hó. Ẹ ní bí ẹni pé odò náà ń tẹ́tí sí wa.

Ẹ̀fọn wá bo abà. Ibà mú tọmọdé tàgbà, ó sì pa Abigail, ọmọ ọmọ Ọlátúndé, ọmọ ọdún mẹ́rin. Mi ò mọ̀ bóyá ikú àkèré ló bí ẹ̀fọn yẹn. Dókítà ní ó ṣeé ṣe, pé òun kò lè búra sí i. Mò ń sọ ọ́ kí Ọlátúndé lè gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn bá wà lọ́rùn ẹnikẹ́ni, ọrùn mi nìyí.

Ìgbà náà lẹ bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè ẹni tó ba omi jẹ́. Dókítà dé, ó ń sunkún lójú gbogbo wa. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Bàbá, àìsàn Odò Ìsàlẹ̀ ni mo rí lára wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan kò gbé nǹkan sọdá? Mi ò ní bínú, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni." Ẹ ò rí i, ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo ní, "Èmi kẹ̀? Ẹ bi Kọ́láwọlé, òun ló ń fọ́n oògùn kòkó." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Àmọ́ nígbà tí Dókítà dìde láàárín yín, tó ní àìsàn ni, kì í ṣe oògùn, mo rí i pé ìbéèrè tó kàn ni ta ló gbé àìsàn náà wá. Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀. Ibi tó burú jù la dé yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí ahéré Kọ́láwọlé. Mo mú gálọ́ọ̀nù oògùn kòkó tó ti tán, tó kọ orúkọ rẹ̀ sí lára fúnra rẹ̀, mo fi koríko bò ó ní etí Odò Òkè. Lẹ́yìn náà, mo mú yín lọ síbẹ̀, èmi náà sì lanu bí ẹni tí ẹnu yà.

Dókítà ṣì ń pariwo pé àìsàn ni. Ẹ dá a lóhùn pé àìsàn kì í ní gálọ́ọ̀nù. Ó lọ, kò padà wá mọ́. Kọ́láwọlé wo gálọ́ọ̀nù, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ̀rọ̀." Ó tún ní, "Ẹ̀gbọ́n Dúrójayé, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ fún wọn." Mo ní kó lọ bẹ Ọlọ́run. Hà! Ẹnu yìí ni mo fi sọ ọ́.

Ọjọ́ tí ẹ lé e kúrò ní abà, tó ń lọ, òun àti ìyàwó àti àwọn ọmọ pẹ̀lú ẹrù lórí, mo dúró sí ẹsẹ̀ afárá bíi bàbá ìjọ tó wá gbàdúrà fún wọn. Ó sún mọ́ mi, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù, Ẹ̀gbọ́n. Nǹkan yín wà lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó máa rí i." Ó kọjá lọ. Láti ọjọ́ náà, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ fi mú mi lọ́jọ́ kan ni. Bí fóònù bá dún, òógùn á bò mí. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ulé ń wù mí." Ó fẹ́ wálé, mo sì pa fóònù.

Lọ́dún tó kọjá, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí ṣí. Láràárọ̀ tí Fúnmiọlá bá wẹ̀ mí tán, awọ kan máa ń wà lójú omi, funfun, ó fẹ́lẹ́, ó dà bí ìbọ̀wọ́ kékeré. Ó rò pé tèmi ni. Mi ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ìka mẹ́rin péré ló wà lára ìbọ̀wọ́ náà, bíi ti ọwọ́ àkèré. Báàfù kan náà ni, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè sọ fún un pé kó jù ú nù láìsọ ìdí rẹ̀. Bí ilé bá sì dákẹ́ lọ́sàn-án, mò ń gbọ́ ohùn kan láti ilé ìdáná, ẹ̀ẹ̀kan péré, bí ẹni tó pe orúkọ tó ń retí ìdáhùn.

Lánàá, Ìyá Káyọ̀dé, ìyàwó Kọ́láwọlé, wọlé tọ̀ mí wá. Rebecca, ìwọ náà nìyí, sọ bí mo bá purọ́. Ó gbé ọ̀rá dúdú kalẹ̀. Ó ní, "Bàbá Fúnmi, bàbá Káyọ̀dé ní bí òun bá kú kí n dá èyí padà fún yín, kí n má bèèrè nǹkan kan." Mo ní, "Kí ló tún sọ?" Ó ní, "Ó ní ẹ̀yin lẹ fà á jáde nínú omi nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, tí odò ń gbé e lọ. Ó ní òun kò lè wá ti yín sínú omi." Ó kí mi, ó lọ. Mo tú ọ̀rá náà. Bàtà rọ́bà pupa, ẹsẹ̀ òsì. Ó ti yọ ọ́ nínú ẹrẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́jọ ló fi tọ́jú rẹ̀ ní ìlú onílùú, ó sì fọ̀ ọ́.

Òun nìyí nílẹ̀. Fúnmiọlá, gbé tọ̀tún jáde nínú àpò mi, èyí tí o máa ń bá lábẹ́ ibùsùn mi tí mo máa ń jágbe mọ́ ọ pé kó o fi sílẹ̀. Ẹ tò wọ́n pọ̀, ẹ wo ìdí wọn, lẹ́tà orúkọ mi ni Dókítà kọ sí àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí: àṣìṣe ni mo ṣe lọ́jọ́ báàfù, ẹnikẹ́ni lè ṣe é, bí mo bá sì ti jẹ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin yẹn fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí, ẹkún ọjọ́ kan ni ì bá jẹ́. Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ kò ní lè gbọ́ yín mọ́.

Ọlátúndé, mo bẹ̀ ọ́, mi ò tọrọ nǹkan kan fún ara mi. Ní Sátidé, ẹ gbé àbúrò rẹ kọjá afárá, ẹ sin ín sí ojúlé bàbá rẹ̀. Bí tèmi bá dé, òdìkejì afárá ni kí ẹ sin mí sí, mo ti sọ fún Fúnmiọlá, ó sunkún, ṣùgbọ́n ó gbọ́. Ó tán. Fúnmiọlá, gbé omi náà wá báyìí. Rárá, má tíì gbé e fún mi, gbé e fún Ìyá Káyọ̀dé ná. Rebecca, Odò Òkè ni wọ́n ti pọn ọ́n. Òǹgbẹ ń gbẹ mí gan-an. Ìwọ lo máa sọ ọ́: ṣé kí n mu ún?